Ẹgbẹ́ tó wọ̀ tàbí ọwọ́ tó dá yàtọ̀: èwo ni kí onígìtá rọ́ọ̀kì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ mú?

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ gìtá lágbègbè wa yìí, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣàgámù, olùkọ́ méjì péré ni wọ́n ní: ṣọ́ọ̀ṣì àti fóònù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bá onílù, oníkíbọ́ọ̀dù àti ọ̀wọ́ akọrin ṣe orin kan náà, pásítọ̀ sì lè yí orin padà láàárín àdúrà láìwí fún ẹnikẹ́ni. Nínú fóònù, ọkùnrin kan ṣoṣo ló jókòó síwájú kámẹ́rà, ìka rẹ̀ ń fò lórí okùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń wò ó. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá fẹ́ràn rọ́ọ̀kì, ìbéèrè tó máa ń bi mí kì í yí padà: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n wá ẹgbẹ́ ni, àbí kí n kọ́ ọwọ́ tèmi títí màá fi lè dá dúró?"

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn rèé. Ọwọ́ tó dá yàtọ̀, wákàtí ara ẹni la fi ń rà á. Jókòó sí yàrá rẹ, ti ilẹ̀kùn, kọ́ ọ títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó lè dí ọ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tó wọ̀, ìyẹn èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti mọ ìṣe ara wọn nínú orin, wákàtí àwọn ẹlòmíràn ló ń ná, a kò sì lè fipá gba wákàtí lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nítorí náà, kí o tó béèrè èyí tó dára jù, wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ láti ná.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Owó ni àkọ́kọ́. Kì í ṣe owó gìtá nìkan o: owó epo wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ àti owó ibi ìdánrawò náà wà níbẹ̀. Èkejì ni ìgbẹ́kẹ̀lé: bí ẹnì kan bá lọ lónìí, ṣé ohun tó kù á ṣì máa dún bí orin? Ẹ̀kẹta ni ibi tó bá mu, nítorí òde ìnáwó yàtọ̀ sí sítúdíò, sítúdíò sì yàtọ̀ sí fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹrin, èyí tí èmi kà sí jù, ni ohun tó ń dé etí ẹni tí kò mọ nǹkankan nípa gìtá. Onígìtá ẹlẹgbẹ́ rẹ kọ́ ló ń sanwó eré.

Ẹgbẹ́ tó wọ̀

Ẹ mú AC/DC, ẹgbẹ́ tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, Malcolm àti Angus Young, dá sílẹ̀ ní ìlú Sydney ní 1973. Angus, tó jẹ́ àbúrò, ló ń wọ aṣọ ilé-ìwé tòun ti ṣòkòtò péńpé, tó ń sáré káàkiri orí ìtàgé. Òun ni gbogbo ayé mọ̀. Malcolm, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń dúró sí nítòsí onílù, tó ń ta rídíìmù, ìyẹn gìtá tó ń di orin mú lábẹ́, láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Fi íápíìsì sí etí méjèèjì, kí o wá gbọ́ orin tó fún àwo wọn ti 1980, Back in Black, ní orúkọ. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta (àkójọ ohùn tí a ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ló fi bẹ̀rẹ̀: E, D, A. Láàárín wọn, gìtá á dákẹ́ díẹ̀, ìlù nìkan ni á máa lọ. Yọ íápíìsì kan kúrò, gìtá kan ni wàá gbọ́ ketekete. Dá a padà, kí o yọ èkejì: gìtá kejì rèé. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó lójú ara rẹ̀ nínú wọn. Ọmọ tó ti kọ́ gìtá fún oṣù mélòó kan lè ta kọ́ọ̀dù mẹ́ta yẹn. Ohun tí kò lè ṣe ni kó dákẹ́ pọ̀ pẹ̀lú ẹnìkejì, kí wọ́n sì tún jọ wọlé padà láìsí ẹni tó ṣẹ́jú sí ẹnìkan. Ìdákẹ́ yẹn ni ọdún púpọ̀ ń rà fún ẹgbẹ́. Kò sí fídíò tó lè kọ́ ọ.

Ẹni tó ń fetí sí King Sunny Adé dáadáa ti mọ ohun tí mò ń wí. Nínú African Beats, gìtá pọ̀ lórí ìtàgé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ta ìlà kúkúrú tí kò ní tẹ́ ọ lọ́rùn tó bá dá wà. Ìgbà tí wọ́n bá pàdé ara wọn ni ìdí ń gbéra nílẹ̀. Nínú àwo Juju Music tí Island Records gbé jáde ní 1982, gìtá irin (èyí tí a ń fi irin fà lórí okùn) tí Demola Adépọ̀jù ń ta á yọ́ wọlé, á sì ti jáde kó tó sú ni. Ọwọ́ rẹ̀ dá yàtọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó mọ ìgbà tí òun yóò panu mọ́. Keith Richards ti Rolling Stones náà, okùn kan ló yọ kúrò lára gìtá rẹ̀, tó wá tún márùn-ún tó kù ṣe sí ohùn G, kí orin rẹ̀ lè fi ààyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Olórí onígìtá ẹgbẹ́ ńlá ń dín nǹkan kù. Ẹ̀yin tó ń ra pẹ́dà, ẹ̀rọ ẹsẹ̀ tó ń yí ohùn gìtá padà, lójoojúmọ́, ẹ gbọ́ o.

Owó wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti ń dunni. Ìlù odindi, ańpú béèsì, gbohùngbohùn, jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé gbogbo rẹ̀. Bí onílù bá ń gbé ní Mákùn ní Ṣàgámù, tí oníbéèsì wà ní Àgọ́-Ìwòyè, tí ìwọ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, owó ọkọ̀ ìdánrawò ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí yín kí ẹ tó fi ọwọ́ kan okùn. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni. Ta ló ń ra epo?

Ti ìgbẹ́kẹ̀lé ló ṣòro jù, kò sì gún régé bí a ti rò. Oníbéèsì tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ á parí, á lọ sìnrú ìlú. Ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn á fún onílù ní owó oṣù, á sì lọ. Ẹlòmíràn á já pa. Nínú ìtàn rọ́ọ̀kì, ikú onílù John Bonham ní 1980 ló fi òpin sí Led Zeppelin, nítorí àwọn tó kù rí i pé àwọn kò lè jẹ́ ẹgbẹ́ yẹn mọ́ láìsí i. Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù kejì, ni olórin AC/DC, Bon Scott, kú. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti gba Brian Johnson, wọ́n ti gbé Back in Black jáde, òun sì ni àwo wọn tó tà jù lọ. Èrò tèmi ni pé rídíìmù tó jẹ́ òpó ilé kò kúrò níbi tó wà. Nígbà tí àìsàn wá mú Malcolm kúrò ní 2014, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, Stevie Young, ni wọ́n pè kó wá jókòó sí àyè rẹ̀. Ìdílé ló mọ bí ìdílé ṣe ń rìn.

Bí ẹgbẹ́ bá wá jàjà dúró, ó lè pẹ́ ju gbogbo ọ̀nà yòókù lọ. Àwọn ọmọ Dublin mẹ́rin tó ṣe Boy, àwo àkọ́kọ́ U2, ní 1980, àwọn mẹ́rin náà ló ṣe Songs of Experience ní 2017. The Edge, onígìtá wọn, kì í sáré rárá. Ohùn díẹ̀ ló ń ta, á jẹ́ kí ẹ̀rọ gbohùn-padà máa dá a lóhùn, béèsì àti ìlù á sì gbé ìyókù.

Adáṣe

Ẹ jẹ́ kí n má ṣojúsàájú. Ọ̀nà yìí ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tí kò ní nǹkan. Gìtá kan, ańpú kékeré tàbí íápíìsì, fóònù, àti dátà. Wọ́n mú iná lọ? Gìtá tí kò sí nínú iná ṣì ń dún tó fún ẹni tó ń kọ́ ìka. Kò sí ẹni tí wàá máa pè ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ pé "ẹ ti dé ibo?"

Joe Satriani ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Olùkọ́ gìtá ni kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká. Steve Vai àti Kirk Hammett ti Metallica wà lára àwọn tó kọ́. Nígbà tó fẹ́ ṣe àwo rẹ̀ Not of This Earth tó jáde ní 1986, káàdì gbèsè báńkì ló fi sanwó sítúdíò. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó gbé Surfing with the Alien jáde, gìtá ló ń kọrin níbẹ̀ dípò ènìyàn, ó sì tà ju mílíọ̀nù kan lọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì níbẹ̀: gbèsè tirẹ̀ ni, èrè náà sì di tirẹ̀, ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ló ń bọ́ ọ títí orin fi gbà á. Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ẹni tó bá mọ gìtá tó ẹni tó lè dá ta á, àwọn òbí á gbé ọmọ wá bá a. Owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìyẹn, kò sì gba jẹnẹrétọ̀.

Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni òde. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n pè ọ́ síbi ìgbéyàwó, o sì gbé fóònù wá pẹ̀lú orin tí o ti gbà sílẹ̀, ìlù àti béèsì wà nínú rẹ̀, gìtá rẹ ni wàá máa ta lé e lórí. Ó ń lọ dáadáa. Ìyá ìyàwó bá wọlé pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn nínú aṣọ kan náà, wọ́n ń jó bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti ń náwó fún un. Orin inú fóònù kò mọ̀ pé ó wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n ṣe é, ní ìṣẹ́jú mẹ́rin ni á sì parí, ìyá náà á wà láàárín ilẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè. Ẹgbẹ́ ì bá ti rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá á gbé ìka kan sókè, wọ́n á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á fà á títí ìyá á fi jókòó. Owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, iwájú ta ló ń bọ́ sí?

Ìṣòro kejì ni etí. Eruption, orin gìtá tí Eddie Van Halen fi yí ọwọ́ onígìtá gbogbo ayé padà ní 1978, tó fi ìka ọwọ́ méjèèjì tẹ okùn lórí ọrùn gìtá, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá méjìlélógójì ni. Ohun tó tẹ̀lé e lórí àwo náà ni You Really Got Me, pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́, Alex ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìlù. Ẹni tó ta gìtá jù lọ ní ìran rẹ̀ mọ̀ pé ìṣẹ́jú méjì ti tó. Àwọn ọmọ wa á gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìsìn ìdúpẹ́, pásítọ̀ á sì máa wo aago.

Ẹni mẹ́ta péré

Èyí ni ọ̀nà àárín, ìtàn rẹ̀ sì kan wa ju bí ọ̀pọ̀ ti mọ̀ lọ. Gìtá kan, béèsì kan, ìlù kan. Onígìtá ní ààyè láti fi ọwọ́ hàn, ṣùgbọ́n kò sí gìtá kejì tó lè bò ó láṣìírí. Tó bá dákẹ́, orin á ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Jimi Hendrix tí gbogbo adáṣe ń búra pẹ̀lú rẹ̀, inú ẹni mẹ́ta ló ti ṣe iṣẹ́ tó lágbára jù. Lọ́ndọ́nù ni wọ́n ti kó ẹgbẹ́ rẹ̀, Experience, jọ ní 1966, pẹ̀lú Noel Redding lórí béèsì àti Mitch Mitchell lórí ìlù, wọ́n sì gbé àwo mẹ́ta jáde láàárín 1967 sí 1968. Gbọ́ Mitchell dáadáa: kì í kàn ń ka àkókò, ó ń dá gìtá lóhùn, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń bá a jà. Nígbà tí Hendrix dé Woodstock, àjọ̀dún orin ńlá ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹjọ 1969, ó ti fi gìtá kejì àti àwọn onílù ọwọ́ kún un, ìdánrawò wọn kò sì tó. Nínú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbẹ̀, ekukáká la fi ń gbọ́ àwọn tó fi kún un. Kíkó ènìyàn jọ yàtọ̀ sí kí ènìyàn wọ̀.

Cream náà wà, àwọn ọ̀gá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: Eric Clapton lórí gìtá, Jack Bruce lórí béèsì, Ginger Baker lórí ìlù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1966, wọ́n tú ká ní 1968. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ kò dá lójú nínú wọn. Ìjà Baker àti Bruce ni kò jẹ́ kí ilé tòrò. Baker yìí kan náà ló wá sí Nàìjíríà lẹ́yìn náà, tó bá Fẹlá ṣe àwo tó jáde ní 1971, tó sì kọ́ sítúdíò sí Ìkẹjà.

Ó bá àwọn ọmọ wa ṣeré pẹ̀lú. Nínú wọn ni àwọn tó di BLO, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta ti Èkó, tí orúkọ wọn gan-an wá láti ara Berkely Jones onígìtá, Laolu Akins onílù, àti Odùmósù oníbéèsì. Ẹ̀yin tó ń ka èyí láti Ìjẹ̀bú, orúkọ ìkẹta yẹn kò ní ṣàjèjì sí yín. Àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973. Tó o bá fẹ́ gbọ́ bí gìtá rọ́ọ̀kì ṣe ń jókòó lórí ìlù ilé wa láìfi agbára jókòó, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, má tíì lọ sí Lọ́ndọ́nù.

Owó ẹni mẹ́ta dín gan-an sí ti ẹgbẹ́ ńlá: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan lè kó gbogbo yín àti ẹrù yín, jẹnẹrétọ̀ kékeré sì lè gbé e. Àmọ́ bí ẹnì kan bá bínú, ìdá kan nínú mẹ́ta orin yín ti lọ nìyẹn. Ní òde, ẹ óò nílò ẹnìkan tó lè kọrin nínú yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, alága ìdúró á ní kí ẹ sinmi.

Aláàgbàṣe

Díẹ̀ ni mo ní sọ nípa èyí. Onígìtá tí gbogbo ẹgbẹ́ lè pè, tó mọ orin gbogbo, tó ń gba owó rẹ̀ tó sì ń lọ sílé. Ní àsìkò Ojúde Ọba, tí àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń náwó kiri lẹ́yìn Iléyá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sinmi. Owó rẹ̀ dájú ju ti àwọn tó kù lọ, orúkọ ni kì í ní. Má ṣe bíi ti Van Halen ṣá o: òun ló ta gìtá àdáta tó wà láàárín Beat It fún Michael Jackson, kò sì gba kọ́bọ̀. Ó ti lówó kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Dán ara rẹ wò kí o tó yàn

Tan mẹ́tírónómù, ẹ̀rọ tó ń ka àkókò orin, sórí fóònù ní 80, ìyẹn ìlù ọgọ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Ta kọ́ọ̀dù méjì péré, A sí D, fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí fóònù mìíràn máa gbà á sílẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹta, jẹ́ kí ẹnìkan pa ohùn mẹ́tírónómù náà, kí o máa bá a lọ, kí ó sì tún ṣí i ní ìṣẹ́jú kẹrin. Bí o bá ṣì wà níbi tó wà, o ti ṣe tán láti bá ènìyàn ṣeré. Bí o bá ti sáré ṣáájú rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ eré sísá lórí okùn ti ń ṣe, kò sí ẹgbẹ́ tó máa gbádùn rẹ. Bí ó bá sì sú ọ ní ìṣẹ́jú kejì, ìyẹn náà ti dá ọ lóhùn.

Ta ni kó mú èwo

Tó o bá ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tí o kì í délé ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ, mú adáṣe. Má fi ìdánrawò tí o kò ní lè wá da ọmọ ọlọ́mọ láàmú.

Ìwọ ọmọbìnrin tí òbí rẹ kò fẹ́ kí o máa ti òru òde wọlé, adáṣe náà ni, pẹ̀lú fídíò àti kíkọ́ àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n má fi ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ nìkan ni etí rẹ ti ń gbọ́ ẹlòmíràn.

Ẹni tí ilé rẹ̀ ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù yìí, kó lọ ṣe aláàgbàṣe, kó kọ́ jùjú àti orin ìyìn tán kó tó fọwọ́ kan Hendrix.

Ẹgbẹ́ ńlá, mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú rẹ̀ àyàfi bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ìyá, tàbí tí ẹ ti ń ṣeré pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà fún ọdún púpọ̀, tí ṣọ́ọ̀ṣì náà sì ń yá yín ní ìlù àti gbọ̀ngàn. Bí èyí bá wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín lọ síbòmíràn. Ohun tí ẹ ní yẹn kò sí lọ́jà.

Àwọn yòókù, ìyẹn ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹni mẹ́ta ni. Ẹ wá onílù tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiyín, kódà bí ẹlòmíràn bá mọ̀ ọ́n lù jù ú lọ níbi tó jìnnà. Kí ẹ tó gba eré àkọ́kọ́, ẹ kọ bí owó yóò ṣe pín sílẹ̀: epo á kọ́kọ́ jáde, ọkọ̀ á tẹ̀lé e, ìyókù á pín sí mẹ́ta ọgbọọgba, kí ẹni tó ni ańpú má sọ pé òun ní ìpín kẹrin.